Pọ́ǹpù Tó Ń Bàjẹ́ Jù

Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe ní Adja-Ouèrè. Kì í ṣe pé mò ń gbẹ́ kànga o, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú pọ́ǹpù palẹ̀. Ọ́fíìsì kékeré kan ni mo wà, èyí tó ń mójú tó àwọn pọ́ǹpù tí àwọn ará abúlé ń fa omi nínú wọn, láti ìlú títí dé apá Kpoulou àti apá Oko-Akarè. Bí pọ́ǹpù kan bá dákẹ́, àwa ni wọ́n ń pè. A ó rán ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe lọ lórí alùpùpù rẹ̀, òun àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Bó bá padà dé, yóò sọ ohun tó bá níbẹ̀, akọ̀wé wa yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìròyìn oṣù ní èdè Faransé.

Apá Oko-Akarè ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ṣì wà níbẹ̀ tó ń fún epo pupa. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe epo rí mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń jẹ omi tó: omi tí wọn ó fi se ẹyìn, omi tí wọn ó fi pò ó, omi tí wọn ó fi fọ gbogbo ohun tí epo bá kàn. Odò la ń lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀nà náà sì ń yọ̀ lásìkò òjò débi pé èèyàn lè dé ẹnu ọ̀nà ilé tán kó ṣubú, kí gbogbo omi tó rù dà nù. Mo ti wà ní ilé-ìwé girama kí pọ́ǹpù tó dé abúlé wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí sí iṣẹ́ kékeré rí, bí àwọn tí a jọ kàwé ní Àjàṣẹ́ tilẹ̀ ń bi mí pé kí ni mo padà lọ ṣe nínú oko.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ fún ètò omi ránṣẹ́ sí wa láti Kùtọnù. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ díẹ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù tó ti gbó ní àgbègbè wa. Wọn ò lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ní kí a sọ àwọn tó ń bàjẹ́ jù, kí a sì fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn.

Ọ̀gá wa pe gbogbo wa jọ. Ọkùnrin tó ń fara balẹ̀ ni, kì í pariwo.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, pọ́ǹpù wo ló ń bàjẹ́ jù?”

Ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe dárúkọ ọ̀kan. Akọ̀wé ní rárá, òmíràn ni. Èmi náà ní tèmi lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ń dárúkọ èyí tó rántí, èyí tí kálukú sì rántí ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á láàmú. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ wa ṣá. Ó wà nínú àwọn ìròyìn oṣù, ti ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí èèyàn lè kà á ni, wọn ò tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀rọ lè ṣírò rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí pọ́ǹpù kan ti bàjẹ́, àfi kí o máa ṣí ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa fi ìka tọ ìlà lọ, kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí o tó ṣe ìyẹn tán, àwọn ará Kùtọnù ó ti kó pọ́ǹpù wọn lọ sí àgbègbè ẹlòmíràn.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “A ó wá ẹnì kan ní Kùtọnù tó mọ̀ nípa irú iṣẹ́ yìí.”

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n gbìyànjú ẹ̀.”

“Ìwọ? Ṣé o ti ṣe irú ẹ̀ rí ni?”

“N ò ṣe é rí, sà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.”

Òótọ́ ni mo sọ. Nígbà kan tí wọ́n pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àjàṣẹ́, ẹni tó kọ́ wa fi ètò kọ̀ǹpútà kan hàn wá, èyí tó máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde láti inú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, tí yóò sì tò ó sínú àtẹ. Àwọn yòókù ń wo fóònù wọn. Èmi ò gbójú kúrò lára ògiri tí ó ń gbé àwòrán rẹ̀ sí.

Ọ̀gá wò mí díẹ̀. “Ó dáa. Àmọ́ bí apá ẹ ò bá ká a, tètè sọ. Má jẹ́ kí ọjọ́ ó lọ mọ́ wa lọ́wọ́.”

Bí mo ṣe gba ètò náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ wa, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kó má bàa dà bí idán. Bí o bá ṣí ètò yẹn, ojú ìwé ìròyìn yóò yọ sí apá kan. Wàá fi mọ́ọ̀sì fa àpótí yí ọ̀rọ̀ tí o ń fẹ́ ká, wàá sì sọ ohun tó jẹ́ fún un: orúkọ abúlé nìyí, ọjọ́ tí pọ́ǹpù dákẹ́ nìyí, ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀ nìyí. Ní apá kejì, àtẹ òfìfo kan wà tó ń dúró dè ọ́. Wàá fa ìlà láti ara àpótí kọ̀ọ̀kan lọ sí ààyè rẹ̀ nínú àtẹ. Láàárín méjèèjì ni wàá wá to àwọn ìgbésẹ̀ sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì: wá ọ̀rọ̀ báyìí, mú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó tẹ̀ lé e, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ìlà yóò fi tán. Bí o bá tò ó tí ó tò, o lè kó ìròyìn ọdún gbọọrọ sí i lẹ́nu, yóò sì máa jẹ ẹ́ lọ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, orí mi wú. Ọjọ́ kejì, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bí mo ṣe rò ó. Akọ̀wé tó wà nígbà náà kọ́ ló wà nísinsìnyí, olúkúlùkù wọn ló sì ní bó ṣe ń kọ nǹkan. Ẹnì kan kọ Oko-Akarè pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, ẹlòmíràn yọ ọ́, ẹnì kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹnì kan ò fi àmì kankan sórí rẹ̀. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ibì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Ọjọ́ náà tún ń kó ìdààmú bá mi, nítorí àwọn kan fi nọ́ńbà kọ oṣù, àwọn kan kọ orúkọ rẹ̀ jáde. Ohun tó bàjẹ́ lára pọ́ǹpù wá burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ohun kan ṣoṣo pọ̀ débi pé mo ní láti pe ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe kó wá jókòó tì mí.

Mò ń ka ọ̀rọ̀ jáde fún un, ó ń dá mi lóhùn.

“Awọ inú ẹ̀ tó ń fa omi sókè ló ti jẹ.”

“Èyí ńkọ́?”

“Awọ náà ni.”

“Èyí tí wọ́n kọ pé omi ò gòkè mọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Awọ náà kọ́ nìyẹn? Akọ̀wé yẹn ò fẹ́ràn kó máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Gbogbo ohun tó sọ ni mo fi kọ́ ètò náà. Mo sọ fún un pé bó bá rí èyí tàbí ìyẹn, kó kọ ohun kan náà sínú àtẹ. Bí iná bá lọ, màá ṣiṣẹ́ títí bátìrì kọ̀ǹpútà ó fi kú, màá wá lọ jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, màá máa fi igi ya àwọn ìgbésẹ̀ sórí ilẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbin nǹkan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo tẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ. Àtẹ tó ṣófo bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Abúlé, ọjọ́, ohun tó bàjẹ́. Abúlé, ọjọ́, ohun tó bàjẹ́. Ó ń yára ju bí ojú mi ti lè tẹ̀ lé e lọ. Mo dìde dúró. Mo jókòó. Mo tún dìde. Mo pariwo pe ọ̀gá láì mọ̀ pé mo pariwo, ó sì sáré wọlé bí ẹni pé ejò ló wà nínú yàrá.

Nígbà tí ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní kí n to àwọn pọ́ǹpù náà kí èyí tó ń bàjẹ́ jù wà lókè. Mo tò ó. Èyí tó wà lókè pátápátá ni pọ́ǹpù abúlé wa ní Oko-Akarè.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ilé yín kọ́ nìyí?”

Akọ̀wé ń pàtẹ́wọ́. “Àǹtí, ẹ kú oríire! Ìyá yín á fi pọ́ǹpù tuntun ṣe epo.”

Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Mo ti ń rí ìyá mi lọ́kàn mi, tó ń fi ọwọ́ kan fa omi, tí omi ń tú jáde.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ìyá mi gbé epo wá sí Adja-Ouèrè. Mo lọ bá a níbi tó pàtẹ sí, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun fún àwa méjèèjì, mo jókòó tì í. N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà tán kí ó tó dájú, mo kàn ń fi ẹnu tọ́ ọ wò.

“Ìyá mi, pọ́ǹpù wa yìí, ó mà ń dà yín láàmú gan-an o.”

Ó kọjú sí mi. “Pọ́ǹpù wo?”

“Tiwa. Tó ń bàjẹ́ ṣáá.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Pọ́ǹpù wa kì í bàjẹ́. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò tó kọjá, bàbá alùpùpù yín yẹn wá, ó tún un ṣe. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, n ò tiẹ̀ rántí mọ́. Àbí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa ni?”

“Rárá o, Ìyá. Mo kàn bi yín ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Èmi jókòó níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tutù lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìyá mi. Bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ ní Oko-Akarè bí àtẹ mi ti wí, èmi ni yóò kọ́kọ́ bú, nítorí pé ọ́fíìsì omi ni mo wà.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tó rán mi. Gbogbo èèyàn ló ti gba àtẹ náà gbọ́, wọ́n sì ti kí mi kú oríire. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìlà tó ní abúlé wa ló ni ín, mo sì ṣí ìròyìn tí wọ́n ti fà á yọ. Mo wò ó, mo sì rí àṣìṣe mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ìròyìn, wọ́n máa ń kọ orúkọ abúlé sókè, wọn ó wá to gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí pọ́ǹpù ibẹ̀ sísàlẹ̀ orúkọ náà. Abúlé kan ní apá Kpoulou ló máa ń ṣáájú tiwa. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù tiwọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ìwé kan ò gbà á, ìyókù a sì ṣàn wọ ojú ìwé kejì, níbi tí orúkọ abúlé tiwa wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀. Èmi sì ti sọ fún ètò náà pé kó wá orúkọ abúlé lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kó sì fi gbogbo ìlà ojú ìwé náà fún un. Ó ṣe bí mo ṣe wí. Ó kó ìyà àwọn ará Kpoulou, ó gbé e lé wa lórí.

Mo tú ibẹ̀ palẹ̀. Mo ní kó má wo ibi tí ojú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Orúkọ abúlé ni kó fi ṣe ààlà: láti ibi tó bá ti rí orúkọ kan títí dé ibi tó bá ti rí òmíràn, ti ẹni àkọ́kọ́ ni, ojú ìwé ìbáà tilẹ̀ yí padà. Kò rọrùn, nítorí mo ní láti tún gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún tẹ bọ́tìnnì, abúlé wa já wálẹ̀ láti òkè títí dé ibi tí n kò ti lè rí i mọ́ láìjẹ́ pé mo yí ojú ìwé. Èyí tó bọ́ sókè ni ti apá Kpoulou. Mo ní kí akọ̀wé máa ka àwọn ìròyìn kan sókè láti inú ìwé gan-an, kí èmi máa wo àtẹ. Ibi gbogbo ló bára mu.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

“Ṣé o mọ̀ pé bí o ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀?”

“Mo mọ̀, sà.”

Ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀. “Jẹ́ ká lọ wò ó.”

A gba ọ̀nà pupa lọ sí apá Kpoulou, àgbàdo ní ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ní òsì. Àwọn obìnrin kan wà nídìí pọ́ǹpù náà. Wọ́n ti fi okùn rọ́bà àti irin kan so apá rẹ̀ kó má bàa bọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn kí omi tó lè yọ wìnnìwìnnì. Àgbà obìnrin kan rí wa, ó nàró.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì. Ṣé ẹ tún wá kọ ọ́ ni? A ti sọ ọ́ fún yín títí, ó ti sú wa. Bí a bá ti sọ ọ́, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó lọ.”

Ọ̀gá fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n èmi ti kúnlẹ̀ kí i.

“Ìyá, gbogbo ìgbà tí ẹ sọ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́. Mo ti kà á.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, Ìyá. Ìgbà kan wà tó dákẹ́ nígbà tí ẹ̀ ń gbin àgbàdo, wọ́n tún un ṣe, kò sì pẹ́ tó tún fi dákẹ́. Ìgbà kan wà tí irin inú ẹ̀ já sísàlẹ̀, tí wọ́n ní láti lọ wá òmíràn ní Pobè.”

Ó yíjú sí àwọn yòókù. “Ṣé ẹ gbọ́? Òótọ́ ló ń sọ. Ìgbà yẹn ni ìyàwó ọmọ mi bímọ, tí a ò rí omi wẹ̀ ẹ́.” Ó tún kọjú sí mi. “Ta ló sọ fún ẹ? O ò sí níbí.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ìyá. Inú ìròyìn yín ni mo ti rí i.”

Ó bu omi díẹ̀ sínú igbá, ó gbé e fún mi. Mo mu ún. Mo mọ bí wọ́n ti ṣe wàhálà tó kí omi yẹn tó yọ, n kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣẹ́ kù.

Nígbà tí àwọn ará Kùtọnù dé, ọ̀gá ní èmi ni kí n ṣàlàyé. Obìnrin ẹnjiníà kan ló ṣáájú wọn, ó sì le. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni ó na ìka sí ìlà kan láàárín àtẹ.

“Níbo lẹ ti rí èyí?”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé ìròyìn yọ jáde, àpótí sì wà yí ọ̀rọ̀ náà ká. Ó tún na ìka sí òmíràn, mo tún fi hàn án. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó wá bi ọ̀gá pé, “Ta ló ṣe é fún yín? Àwọn wo lẹ gbé iṣẹ́ náà fún?”

Ọ̀gá mi tó kì í pariwo, ohùn rẹ̀ lọ sókè lọ́jọ́ náà. “A ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa tó wà níwájú yín yìí ló ṣe é. Ọmọ Oko-Akarè ni.”

Mo tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tí mò ń wá.

Wọ́n gba gbogbo ohun tí a sọ. Abúlé apá Kpoulou ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé pọ́ǹpù tuntun náà dúró, àwọn obìnrin náà ránṣẹ́ pè mí, wọ́n sì di ẹ̀fọ́ àti iṣu lé mi lórí alùpùpù débi pé ẹni tó gbé mi ní òun ò rí ibi tí òun ó fi ẹsẹ̀ sí.

Ó wá ku ìyá mi. Mo lọ bá a ní Oko-Akarè fúnra mi, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń fọ ìkòkò epo. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti bi í ní ọjà, ó dáwọ́ dúró.

“Ìyẹn ni pé ká ní mo sọ pé ó ń bàjẹ́ ni, tiwa ni wọn ìbá pààrọ̀?”

“Bóyá, Ìyá. N ò mọ̀.”

“Ẹnu mi yìí!” Ó fi ọwọ́ olómi gbá ara rẹ̀ lẹ́nu, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú wa. Nígbà tó simi, ó ní, “Àlàmùdúlíláì. Tiwa ń fa omi. Bí wọ́n bá gbé e wá síbí, tí àwọn wọ̀nyẹn ń rọ̀ mọ́ irin, báwo ni n ó ṣe mu ún? O ṣeun, ọmọ mi.”

Ìyá mi kì í sọ fún èèyàn pé ó ṣeun lásán. Mo gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a fọ ìkòkò yòókù.

Lónìí, ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ìròyìn oṣù bá ti dé, màá kó o sí i, kí n sì tó jẹun òwúrọ̀ tán, ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ti mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ, nígbà mìíràn kí pọ́ǹpù ibẹ̀ tó dákẹ́ rárá. Àwọn ará Pobè ti pè mí wá kọ́ wọn, mo sì lọ. Mo jókòó níwájú àwọn tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí àti ní ipò, mo ń fi hàn wọ́n bí a ti ń fa ìlà láti àpótí lọ sínú àtẹ, mo sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ojú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi ti sọ ọ́ ká gbogbo ọjà. Bí mo bá ń kọjá, àwọn elépo ń na ọwọ́ sí mi. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé ọmọ òun ló ń kọ́ ẹ̀rọ níwèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń fẹ́ ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ti fi í sílẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.